Ìṣù Ọṣẹ Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún

Òkìtì ọṣẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ gún régé láti ìdí dé orí. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Keziah Fọláyan lóminú nìyẹn, kódà kó tó fetí sí igbe tí wọ́n ń ké nídìí rẹ̀.

Igbe náà kì í ṣe kékeré o. Àná ni wọ́n ṣe àjọ̀dún òmìnira ọlọ́dún kejì, àsíá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ìsọ̀ ní ọjà Mont-Bouët, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tíì sùn tẹ́rùn, àfi bí ariwo tún ṣe sọ níwájú ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ. Àpèkẹ́, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ti tú gèlè, ó fi gbàjá, ó ń na ìka sí ọmọbìnrin kan tí ọlọ́pàá méjì dì mú lápá.

"Mo gbà ọ́ tọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú! Oúnjẹ tí mo bá jẹ ni mò ń fún ọ jẹ! Olè lo wá dà mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo jí?"

"Ó tún ń bi mí! Ẹ gbọ́, ó tún lẹ́nu láti bi mí! Ẹ gbà mí o!"

Keziah fi èjìká la èrò kọjá. Opó ni, tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan nílùú Libreville, obìnrin kúkúrú tó máa ń fi abẹ́rẹ́ irun gígùn kan di irun rẹ̀ mọ́ ìpàkọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sinmi. Láàárín àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá jẹun níbẹ̀, bí nǹkan ẹni bá sọnù, ọ̀dọ̀ Tíṣà la kọ́kọ́ ń sáré lọ. Ọlọ́run ló fi í jíǹkí wa, n kò ní í fi bò.

Ó mọ ọmọ tí wọ́n dì mú náà. Morìnsọ́lá ni. Òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò kó tó di pé ọmọ náà lọ ń bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ tajà. Ó wo ọmọ, ó wo òkìtì, ó tún wo ọmọ. Ìṣù ọṣẹ dúdú ni, tí wọ́n fọwọ́ ṣe róbótó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ọsàn ńlá. Nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la, Keziah ra ọṣẹ níbẹ̀, ó sì rántí dáadáa pé òkìtì yẹn wọ́ sápá ọ̀tún. Ó tiẹ̀ fi Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọṣẹ rẹ̀ ń tòògbé. Lónìí, ọrùn ọṣẹ ti nà. Kí ló nà án?

Ìsípẹ́kítọ̀ Benoît, ọmọ ìlú náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní sùúrù ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá a sọ Faransé wúyẹ́wúyẹ́.

"Madame Keziah, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà ló sọnù. Inú ọṣẹ ló wà."

"Inú ọṣẹ bí ti báwo?"

Ó ṣàlàyé. Àwọn fọ́lé-fọ́lé ń da àdúgbò Atong Abè láàmú, níbi tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń gbé tó sì ń se ọṣẹ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ náà, ó fi ọṣẹ tútù bò ó, ó ṣù ú róbótó, ó gbé e wá sọ́jà, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú òkìtì tó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìsọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kì í ra ọṣẹ ara òkìtì. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń tà. Kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Láàárọ̀ yìí ló tú òkìtì láti mú nǹkan rẹ̀, ó fọ́ ìṣù àárín, ọṣẹ lásán ló bá.

"Ibo gan-an lẹ fi í sí, mà?" Keziah yí padà sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

"Àárín gbùngbùn ìpele kejì." Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mẹ́fà níbùú, mẹ́fà lóòró ni ìsàlẹ̀. Márùn-ún sí márùn-ún ló gùn ún. Mẹ́rin sí mẹ́rin, mẹ́ta sí mẹ́ta, méjì sí méjì, ẹyọ kan lórí. Kò sẹ́ni tó lè dé àárín yẹn láìtú orí rẹ̀ ká. Ọmọ yìí nìkan ló wà nídìí rẹ̀ lánàá nígbà tí mo lọ wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan."

"Ẹ ti ka ìyókù?"

"N kì í ka ọjà mi, Tíṣà. Ìyá mi ò kà á, ìyá tó bí i náà ò kà á. Títò la máa ń tò ó. Bí ẹyọ kan bá gúnlẹ̀ sórí, ó pé. Bí kò bá dé orí, ó dín. Mo ti fi igi ìgbálẹ̀ gún gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí wúrà níbẹ̀. Mo ṣu èyí tí mo fọ́ padà, mo tún gbogbo rẹ̀ tò."

"Ó wá dé orí?"

"Ó pé pérépéré!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé bí ó bá dín, màá mọ̀. Ó yọ ọ̀kan, ó sì fi òmíràn dí i."

Keziah tún wo òkìtì náà. Ọ̀rọ̀ ìyá náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ tètè bá mi wò ó," ni Benoît wí. "Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó máa gbéra lọ́la. Àwọn ọ̀gá mi ti pàṣẹ pé àlejò tó bá jalè, inú ọkọ̀ la ó sọ ọ́ sí. Ibí ni sàréè ìyá ọmọ yẹn wà. Kò mọ ẹnikẹ́ni ní Èkó."

*

Fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá kọjú sí òkun. Wọ́n ń rí ọkọ̀ náà láti ibi tí wọ́n jókòó sí, Morìnsọ́lá náà sì ń rí i, ó kàn ń gbójú kúrò lára rẹ̀ ni.

"Wọ́n rí ọ tí o ń tú òkìtì ká," ni Benoît bẹ̀rẹ̀.

"Mo tú u lóòótọ́, sà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ló ní kí a kó tábìlì kúrò lọ́nà, kí àwọn ọmọ iléèwé lè ríbi yan kọjá. Mo yá àpótí lọ́wọ́ Alájì Buraimoh tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n yan tán, mo tún òkìtì tò láti inú àpótí, mo dá àpótí padà."

"Irú àpótí wo?"

"Onígi, sà. Wọ́n pín inú rẹ̀ sí ihò-ihò, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ìṣù kan nínú ihò kan. Ó kún, kò sí ihò kan tó ṣófo. Òkìtì tó jáde láti inú rẹ̀ sì dé orí, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan."

Benoît fi bírò lu tábìlì. "Ọmọ, o ti há. Alájì Buraimoh ní òun kò yá ẹnikẹ́ni ní àpótí. Èkejì," ó ti bébà kan sọ́dọ̀ Keziah, "mo ro òkìtì yẹn pọ̀. Mẹ́rìndínlógójì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógún, mẹ́sàn-án, mẹ́rin, ọ̀kan. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Mo pín in sọ́nà méjì, ó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Mo pín in sí mẹ́ta, ó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Márùn-ún, ọ̀kan. Mẹ́fà, ọ̀kan. Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, ọ̀kan náà ni! Nọ́ńbà yìí kò gba ìpín, Madame. Kò sí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ dídọ́gba tó lè gbà á kó má ku nǹkan. Àpótí tí ọmọ yìí ń sọ ò sí láyé."

Keziah rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ràn nọ́ńbà yìí, bí èèyàn ṣe máa ń fẹ́ràn ẹbí tí gbogbo ayé kà sí aláìlérè. Àádọ́rùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀, torí pé ibi tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ti lè pín in. Bí wọ́n bá ti wá fi ẹyọ kan lé e, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ó ń wu Keziah láti máa fi í dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò, ìdá tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì máa ń dá ìpín dúró síbi tí Ìsípẹ́kítọ̀ dá a dúró sí.

"Ẹ ṣeun tí ẹ tiẹ̀ pín in," ló wí, ó sì ti inú wá. "Ọlọ́pàá mìíràn ì bá ti kọ orúkọ ọmọ yìí fún ọlọ́kọ̀. Àmọ́ ẹ fo ọ̀kan."

"Èwo?"

"Méje."

Benoît tẹ bírò mọ́ bébà. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́rìn-ín tí kò mọ̀ọ́mọ̀ rín. "Mẹ́tàlá! Méje lọ́nà mẹ́tàlá! Ó wọlé geere!"

"Ọmọ méjì péré ló bí, méje àti mẹ́tàlá, àwọn ọmọ náà kò sì ṣeé pín mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rò pé kò bí rárá." Keziah yíjú. "Morìnsọ́lá, báwo ni ihò àpótí yẹn ṣe lọ?"

"Méje níbùú, mẹ́tàlá lóòró, Tíṣà." Ọmọ náà kò ronú kó tó dáhùn.

Benoît gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣirò. Ó lè mọ̀ ọ́n sórí tẹ́lẹ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ó lè mọ̀ ọ́n." Keziah dìde, ó ti abẹ́rẹ́ irun rẹ̀ wọlé. "Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lọ wá àpótí."

*

Àtùpà àti gíláàsì àtùpà ni Alájì Buraimoh ń tà, ó sì fi okùn so wọ́n rọ̀ káàkiri ìsọ̀ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹni tí ń kí èèyàn tọmọtọmọ. Lọ́jọ́ yìí, bí Keziah àti Benoît ṣe dé pẹ̀lú Morìnsọ́lá àti àwọn ọlọ́pàá tó dì í mú, òógùn ti bò ó kí wọ́n tó kí i tán.

"Tíṣà, mo ti sọ fún wọn. N kò ní àpótí kankan. Mo rí ọmọ yẹn tó ń tú ọjà, òótọ́ tí mo mọ̀ nìyẹn."

Inú Keziah kọ́kọ́ bàjẹ́. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé Alájì ń fẹ́ kí ìsọ̀ òun fẹ̀ sí i, ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ ló sì wà lọ́nà. Àbí òun ló mú wúrà? Àbí òun ló fẹ́ kí wọ́n lé àwọn obìnrin méjèèjì lọ? Ó tún wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú olójúkòkòrò kọ́ nìyẹn. Ojú ẹni tó fẹ́ kí àlejò tètè máa lọ ni. Ó wo àwọn gíláàsì tó ń dán lókè orí rẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn.

"Alájì, gíláàsì yìí mà pọ̀ o. Kò sì sí ọ̀kan tó sán. Inú kí lẹ kó wọn sí tí wọ́n fi dé láyọ̀?"

Buraimoh sún sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn dí aṣọ ìkélé kan.

"Alájì mi," ó rọra sọ ọ́ ní Yorùbá, "Ìsípẹ́kítọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ dúánì, aṣọ́bodè tó ń gbowó orí ẹrù. Ibi tí gíláàsì yín gbà wọlé kò kàn án. Ọmọ òrukàn kan ló fẹ́ wọkọ̀ lọ lọ́la nítorí àpótí tí ẹ ní ẹ ò ní. Ìyá rẹ̀ ló máa ń gbé omi wá fún yín nígbà tí ẹ ṣàìsàn, àbí ẹ ti gbàgbé?"

Ọkùnrin náà wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó sì fa àpótí onígi kan jáde tòun ti ìtìjú. "Ẹ̀rù ló bà mí, Tíṣà. Mo rò pé bí ọlọ́pàá bá rí àpótí, wọ́n á bèèrè ẹrù inú rẹ̀. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Morìnsọ́lá, má bínú sí mi, ọmọ mi."

"Kí ló wí?" ni Benoît bèèrè.

"Ó ní àpótí rèé."

"Ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ." Benoît wo gíláàsì lókè, ó wo Alájì. "Ó dára. N kò gbọ́ Yorùbá, mo sì dúpẹ́ pé n kò gbọ́ ọ lónìí."

Ihò méje níbùú, mẹ́tàlá lóòró. Wọ́n gbé àpótí lọ síwájú ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ, Keziah sì ní kí wọ́n kó ọṣẹ òkìtì sí i. Ìṣù kọ̀ọ̀kan bọ́ sínú ihò rẹ̀ wẹ́lo. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn wọlé, kò ku ihò, kò ku ọṣẹ. Àwọn tó ń wòran pariwo, àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ yìí kò parọ́," ni Benoît wí. "Àmọ́ wúrà ṣì sọnù, Madame."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀." Keziah bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bu ọṣẹ rírọ̀ nínú abọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó fi bo ẹ̀gbà náà, ó ń fi kún un títí kò fi hàn síta mọ́. Ó ṣù ú róbótó, ó yọ ìṣù kan kúrò nínú àpótí, ó sì gbé tirẹ̀ lé orí ihò tó ṣófo.

Kò wọ̀ ọ́. Ó tì í, kò wọ̀ ọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ sún mọ́ àpótí náà.

"Ẹ̀gbà ọwọ́ kì í ṣe òrùka," ni Keziah wí. "Ìṣù tó bá máa bò ó gbọ́dọ̀ sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni òkìtì yín fi wọ́ sápá ọ̀tún kí àjọ̀dún tó dé, mà. Ọ̀sanra kan wà ní inú rẹ̀ tó ń ti àwọn yòókù. Lónìí ó gún, torí pé ọ̀sanra ti jáde. Ìsípẹ́kítọ̀, àpótí yìí gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn tó dọ́gba ló gbà. Olè kọ́ ló yọ ẹ̀gbà yẹn. Àpótí ló kọ̀ ọ́." Ó yíjú sí ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Morìnsọ́lá, nígbà tí o ń kó ọṣẹ síbí lánàá, ṣé gbogbo wọn ló wọlé?"

"Ó ku ẹyọ kan tí kò wọlé, Tíṣà. Ó tóbi jù. Mo rò pé ìdí ìkòkò ló ṣèèṣì bọ́ sáàárín wọn. Ihò kan wá ṣófo, mo mú òmíràn nínú apẹ̀rẹ̀ títà, mo fi dí i."

"Ìdí ìkòkò wo?" ni Benoît bèèrè.

Ọmọ ọlọ́ṣẹ èyíkéyìí ì bá dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ṣu ọṣẹ tán, èyí tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n máa ń ha pọ̀ ṣù ní ẹyọ kan. Ó lè tóbi, ó lè kéré, kì í bá ẹgbẹ́ mu. Wọn kì í tà á láé. Ènì ni wọ́n fi ń ṣe, èyí tí wọ́n máa ń fi lé ọjà oníbàárà kí ó lè padà wá.

"Kí lo wá fi èyí tó tóbi ṣe?"

"Mo jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ènì."

Benoît di orí mú. "Kí ló dé tí o kò sọ èyí fún mi láti àárọ̀?"

"Ẹ ò bi mí, sà," ni Morìnsọ́lá wí. "Òkìtì lẹ ń bi mí. Ta ló sọ fún mi pé ọṣẹ ló ní wúrà nínú?"

*

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ," ni Keziah wí, "ta lẹ fún ní ènì tó tóbi lánàá?"

"Ẹ̀ẹ́, Tíṣà, ta ni mo fẹ́ rántí? Ọwọ́ mi ló ń fúnni lénì, ojú mi kì í sí níbẹ̀. Èèyàn pọ̀ lánàá. Àwọn kan ra ẹyọ kan, n kò fún wọn. Àfi…" Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Victorine."

"Ta ni Victorine?"

"Alágbàfọ̀ ní àdúgbò Batterie IV. Ó ra púpọ̀, ó wá ń ráhùn pé ọṣẹ ti wọ́n. Mo ní kó má bínú. Mo wo inú apẹ̀rẹ̀ ènì, mo sì mú…" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo ọjà. "Mo mú èyí tó tóbi jù. Tọwọ́tọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún un, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Yéè! Èmi gan-an ni olè tí mò ń wá!"

Kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín. Morìnsọ́lá ló sáré lọ gbé e dìde, àwọn ọlọ́pàá méjèèjì tó dì í mú kò sì rántí dá a dúró.

Takisí kan ló kó gbogbo wọn lọ sí Batterie IV, wọ́n fún mọ́ra wọn. Ìbẹ̀rù tuntun ti bo ọkàn Keziah. Ọṣẹ kì í pẹ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Bí ẹ̀gbà náà bá ti jáde, ta ló máa jẹ́wọ́? Bí obìnrin yìí bá ní òun kò rí nǹkan, kò sí ìṣirò tó lè fà á yọ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ yìí á sì wọkọ̀.

Aṣọ funfun ló kún àgbàlá Victorine látòkè délẹ̀. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá báyìí, báfù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"N kò jí i!" ló ké kí ẹnikẹ́ni tó yanu. "Mo fi ọmọ mi búra, n kò jí i!"

Keziah dá Benoît dúró, òun nìkan ló sún mọ́ ọn. "A mọ̀ pé ẹ ò jí i. Inú ọṣẹ ló ti jáde, àbí?"

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó fa ìdì kékeré kan yọ láti inú aṣọ àyà rẹ̀, ó tú u. Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà ni, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà ní ìṣẹ́po rẹ̀.

"Láàárọ̀ yìí ló yọ sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé ti ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń fọṣọ fún ni. Bí mo bá dá a padà, wọ́n á ní mo jí i, ẹ̀rù bà mí. Bí n kò bá dá a padà, mo ti di olè lóòótọ́. N kò lè jẹun. Mò ń bẹ Màríà pé kó rán ẹnì kan sí mi tó máa gbà mí gbọ́." Ó di ọwọ́ Keziah mú, ó ń fi í nu ojú ara rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, Madame. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ sọ pé n kò jí i."

Benoît bọ́ fìlà. "Kò sí ẹjọ́ mọ́," ló wí. "Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló gba ẹ̀gbà náà. Kò fi sápò. Ó yí i lọ́wọ́, ó ń wò ó, ó wá kọjú sí Morìnsọ́lá.

"Tìẹ ni."

"Ìyá mi?"

"Kì í ṣe tèmi láé. Ìyá rẹ ló fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn yẹn ń mú un lọ. Ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni kí n fi sí ọ lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má jí i mọ́ mi lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi fi ọṣẹ bò ó. Ohun ìyá rẹ ni mo fẹ̀sùn kàn ọ́ pé o jí." Àgbà obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. "Morìnsọ́lá, dárí jì mí."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ọmọ náà ti dì í mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Òun ló wá kúnlẹ̀, ó gbá ìyá náà lẹ́sẹ̀ mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ẹ ti ń bá mi ṣọ́ ọ láti ìgbà yẹn, n kò sì mọ̀. Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ẹ ṣeun."

Victorine kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ ó ń bá wọn sunkún. Benoît ní eruku ló bọ́ sí òun lójú.

*

Lọ́jọ́ kejì, kò sí òkìtì mọ́ níwájú ìsọ̀ ọlọ́ṣẹ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní òun kò fẹ́ rí ọṣẹ tó ní inú mọ́ láyé òun. Ó ti rán níṣẹ́ pé kí Tíṣà wá kọ́ òun ní ọ̀nà mìíràn tí òun yóò fi máa mọ̀ pé ọjà òun pé láìkà á.

"Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀," ni Keziah wí. "Ẹyọ kan níwájú, méjì tẹ̀ lé e, mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́tàlá. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún náà ni. Kò ní í dín, kò ní í lé, gbogbo rẹ̀ ló sì máa wà lójú."

"Nọ́ńbà kan náà?"

"Ọ̀kan náà ni, mà."

"Ọlọ́run tóbi," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí, ó ń mi orí. Ó mú ìṣù ọṣẹ kan, ó fi ewé wé e fún Keziah, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò gbowó. Ó na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kejì, ó mú ìdí ìkòkò ńlá kan, ó fi lé e. "Ènì rẹ nìyí, Tíṣà mi. O ṣeun, o ṣeun títí láé."

Keziah gbà á. Ó fa abẹ́rẹ́ irun yọ ní ìpàkọ́, ó gún ènì náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó sì tẹ́tí.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kọ́kọ́ yanu, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí Alájì Buraimoh yọjú láàárín àwọn gíláàsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó fi fọn fèrè lójú òkun, ó dún gan-an, gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ. Morìnsọ́lá kò gbójú sókè. Ó ń to ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ̀gbà ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kò sí ibi tí òun tún fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí tó dára ju ọwọ́ ẹni tó ni ín lọ. Nígbà tí ọmọ náà gbé ìṣù tó kẹ́yìn lélẹ̀, Ìyá Ọlọ́ṣẹ tí kì í ka ọjà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó na ìka, ó sì kà á sókè lójú gbogbo wa, láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́tàlá. Ó pé.